Ihò Ìdí Ọ̀pẹ

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àbọ̀ Kùtọnu

Dókítà fi ẹran kín-ń-kín tó gé nínú kókó tó yọ lọ́mú Ìyá mi hàn mí lójú ẹ̀rọ. Oògùn tó rẹ ẹ́ sí ti jẹ́ kó mọ́ gaara bí omi. Bó ṣe ń yí i po ni mò ń rí gbòǹgbò àrùn tó ti gba inú rẹ̀ kan. Ó ṣì ń yí lójú mi.

Nígbà tí mo délé, Ìyá ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ẹran ara mi dà?"

Ìyá ti gbẹ́ ihò sídìí ọ̀pẹ, níbi tí a sin ìwọ́ wọn sí. Nílé wa, ohun tí a bá gé lára ènìyàn kì í sùn níta.

Mo ní dókítà ò tíì dá a padà. N kò sọ ohun tí mo rí.

"Wá wò ó, ṣé ihò náà tó?"

Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ní ó tó.