Abọ́ Onípele Lẹ́nu Géètì Magodo

Ìfẹ́olúwa ọmọ mi,

Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, itan mi ni mo fi ṣe tábìlì, ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù àlejò tí mo kọ bàjẹ́ ni mo sì ń kọ ọ́ sí. O mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ mi a sì máa falẹ̀ bí mo bá ń kọ ọ́, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Fara balẹ̀ kà á. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Tòkunbọ̀ ọkọ rẹ le? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n bí ọ nírọ̀rùn kò ní jẹ́ kí ayé nira fún ọ. Ibi gbogbo tí o bá ń lọ, ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò ní bi ọ́ pé ta ni ọ́ kó tó ṣí. Àmín.

Ní tèmi, ara mi le, ó kàn rẹ̀ mí ni. Láti aago mẹ́wàá ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì ẹ̀síteètì yín níbí, kúlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, abọ́ gíláàsì wà nínú kúlà, ohun tó wà nínú abọ́ náà, tìrẹ ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ní Ọjọ́rú, Ajarat tó ń ta omi tútù nínú ilé tí à ń gbé ní Ìkòsì ló bá mi ṣí fóònù mi, ó ní o gbé àwòrán sórí sítétọ́ọ̀sì. Mo rí abọ́ kan, nǹkan pupa lókè, funfun lábẹ́ rẹ̀, kéèkì nísàlẹ̀ pátápátá, o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ta ló máa ṣe irú èyí fún ọ nínú ooru yìí. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Oṣù márùn-ún nìyẹn tí o ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, láti ọjọ́ tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ Bàbá Roheemat, tí o ní mo dójú tì ọ́, pé obìnrin ọdún méjìléláàádọ́ta kì í tún ṣe ìyàwó. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo ní èmi ni, èmi màá ṣe é. Ajarat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní àwòrán kì í gbọ́ràn, pé gbogbo ayé lo bi, kì í ṣe èmi. Mo ní ó dáa, nínú gbogbo ayé, ta ló ti dáhùn? Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwòrán ti lọ. Mo rò pé o rí i pé mò ń wò ó lo fi gbé e kúrò.

Ṣùgbọ́n Bàbá Roheemat ti rí i kó tó lọ. Tàtàṣé ni mo pe nǹkan pupa yẹn, wọ́n ní rárá, sitirọ́bẹ́rì ni, láti Jos ni wọ́n ti ń kó o wá sí Mile 12, pé bí oòrùn bá ti mú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán ni wọ́n jáde. Ẹni tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ọgọ́rùn-ún ń gba ọwọ́ wọn kọjá láàárọ̀, ìka méjì ni wọ́n fi ń ṣa èso yìí bí ẹni ń ṣa ẹyin àdàbà. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ pé àwọn ló rà á, kí o lè jẹ ẹ́. Mi ò lè purọ́ fún ọ. Àwọn ló rà á.

Funfun yẹn ni mi ò mọ̀. Ajarat ní kírìímù ni, kírìímù tí èmi sì mọ̀, ara ni wọ́n fi ń pa, n ò lè fún ọmọ mi jẹ. Mo po kọ́sítáàdì tó ki, mo da mílíìkì sí i dáadáa. Ti Ọjọ́bọ̀ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbígbóná ni mo da kọ́sítáàdì lé kéèkì, kéèkì yọ́, èso pupa sì rì wọ inú funfun, gbogbo rẹ̀ wá dà bí omi aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Mo jókòó ti ìkòkò, mo ń wò ó. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìpele kan gbọ́dọ̀ dì kí èkejì tó gùn ún. Ọmọ mi, bóyá ohun tí mo ṣe fún ọ nìyẹn. Mi ò jẹ́ kí ikú bàbá rẹ dì lọ́kàn rẹ kí n tó da ìgbéyàwó yìí lé e. Ó yẹ kí n dúró, kí n bi ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí èmi àti bàbá rẹ jọ gbé ní Agbowá ti dá jù fún èmi nìkan. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, Bàbá Roheemat máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ wọn ò bi mí rí.

Wọ́n tún ra èso lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró de ìpele kọ̀ọ̀kan nínú fíríìjì Ajarat. Ó dúró, ó dára, bíi ti àwòrán ni.

Ẹ̀ṣọ́ ibí yìí, Elkanah, ọmọ dáadáa ni, Mummy ló ń pè mí. Ó ní kí n mú kóòdù wá. Mo ní kí ni kóòdù. Ó ní ohun kan tí èmi àti onílé nìkan mọ̀ ni, pé bí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn rẹ ni mí. Mo ní ṣé èyí nìkan náà ni! Mo sún mọ́ etí rẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́, mo ní Àwẹ̀ró. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ló tún ń pè ọ́ ní oríkì yẹn bí kò ṣe èmi? Ó ní ẹ̀rọ kò gbà á, pé nọ́ńbà ni. Mo ní kó rọra pè é fún ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí a ń jí ọmọ láàárọ̀, pé kì í ṣe orúkọ tí à ń fi igbe pè. Ó rọra pè é lóòótọ́. Géètì ò ṣí. Ajá kan yọrí jáde nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níṣojú mi, wọ́n ṣí i fún òun. Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo wá ṣe, mo kọ ọ́ pé mo wá bẹ ọmọ mi. Wọ́n ní kí n kọ aago tí n óò jáde, mo kọ ọ́ pé mi ò tíì wọlé.

O ò gbé fóònù rẹ. Elkanah ti fi fóònù géètì pe ilé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó ní bí ó bá rẹ̀ mí, kí n fi abọ́ àti lẹ́tà sílẹ̀. Yìnyín ti ń di omi, ìpele òkè ti ń yẹ̀ díẹ̀.

Owó kọ́ ni mo wá gbà, àmọ́ bí o bá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, mi ò ní dá a padà. Abọ́ yẹn ni kí o ṣáà dá padà, ti Ajarat ni. Má fi rán dẹ́rẹ́bà, ìwọ gan-an ni kí o gbé e wá. Yàrá kan la wà, ó mọ́ tónítóní. Àga kan wà níbẹ̀ tí Bàbá Roheemat rà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e, wọ́n ní ti Ìfẹ́olúwa ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tí ìwọ náà máa bí mọ ohùn rẹ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ó máa

Elkanah ń pè mí. Ó ní ẹnì kan ti gbé fóònù nílé rẹ, òun ti sọ fún un pé ìyá kan wà níbí tó ní Àwẹ̀ró ni kóòdù òun, pé onítọ̀hún ní kí n bọ́ síbi fóònù kí n tún un pè kí òun gbọ́, kí n rọra pè é bí ìgbà tí mo máa ń jí òun láàárọ̀, mo ń bọ̀, Elkanah, jẹ́ kí n