Tírà Inú Ẹ̀wù Ayẹta

Ọjọ́bọ̀, 2014. Egan.

Ọ̀gá ti lé Bàbá Múfú lọ. Sísọ́ọ̀sì wọn nìkan ni ọ̀gá jẹ́ kí wọ́n mú.

Ìjọba ló ní kí àwa tí à ń ṣe nǹkan ológun nílẹ̀ yìí máa tà á fún ilẹ̀ òkèèrè. Ni ọ̀gá bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ó kun gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ́dà, ó sì pe àwọn oníbàárà láti òkè òkun wá lónìí. Ọ̀kan nínú wọn fi abẹ tú inú ẹ̀wù ayẹta kan tí a rán wò. Tírà já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tú òmíràn, tírà tún ni.

Oníbàárà náà bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ò fọkàn tán irin inú ẹ̀ ni?"

Bàbá Múfú, olórí àwọn aránṣọ wa, ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wọ̀ ọ́. Mo kàn fi àdúrà tì í lẹ́yìn ni."

Ọ̀gá gbá wọn létí. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, jàre.

Kí ọjà má baà bàjẹ́, ọ̀gá búra pé òun fúnra òun máa wọ ọ̀kan lọ́la, kí wọ́n yìnbọn lu òun. Ó pàṣẹ lójú wọn pé kí n tú gbogbo tírà kúrò.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó yọ́ wá bá mi. "Bọ́lá, tèmi tí mo máa wọ̀ lọ́la, má tú u o."

Òun ṣá ló mọ irú irin tó rà síbẹ̀.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú.