Pẹlẹbẹ Mẹ́fà Tó Sọnù

Bát Tràng,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Khuyên ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ẹ̀bá ààrò. Ara mi le, àyàfi orúnkún òsì. Mo gbà á ládùúrà pé ìwọ náà wà ní àlàáfíà ní Sài Gòn, àti pé kì í ṣe oúnjẹ ojú títì nìkan lò ń jẹ. Mo ti sun tùràrí níwájú àwòrán bàbá rẹ nítorí rẹ.

Ọ̀rọ̀ Thoa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń wá àwọ̀ tuntun. Omi ìkunkòkò ilé wa, èyí tí iná ń yọ́ di dídán lára abọ́, tí kò já wa kulẹ̀ rí láti ayé ìyá ọkọ mi, ló ń bù sínú abọ́ mẹ́wàá. Á wọn ìyẹ̀fun òkúta aláró díẹ̀ sí ọ̀kan, á fi ìlọ́po méjì sí èkejì, á da irin dídógùn-ún tó lọ̀ kúnná sí òmíràn. Á wá ti pẹlẹbẹ amọ̀ kéékèèké bọ̀ wọ́n, á kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Mo yìn ín.

Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ mẹ́wàá ló jáde nínú ààrò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mẹ́rin ni mo rí. Mo bi í. Ó ní, "Wọ́n ti fọ́, Màmá." Mo lọ tú ààtàn wò, n kò rí àfọ́kù kan. Bàbá tirẹ̀ náà ní ààrò nísàlẹ̀ odò. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Láti ọjọ́ náà, bó bá rẹ́rìn-ín sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Bó bá gbé tíì wá, mo ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, ó gbé àpótí kan sábíyá, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e tòun ti orúnkún mi. Kò yà sílé bàbá rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbà lọ. Mo já àpótí náà gbà níwájú èrò, mo tú u: pẹlẹbẹ mẹ́fà nínú koríko ìrẹsì, àti ìwé tó kọ bí a ṣe ń po omi ìkunkòkò wa sí. Mo pariwo, "Olè! Ta lo tà wá fún?" Ó kàn yí àpótí náà padà. Orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ ní n ò gbọdọ̀ fi han ará ìta. Ṣé ará ìta ni Khuyên? Ogójì abọ́ tó mọ ní Sài Gòn ló ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí i ló ṣe ń pò ó, síbẹ̀ omi náà kì í yọ́ nínú ààrò, háráhárá ló ń jáde."

Mo rò pé aṣọ lò ń rán níbẹ̀. O mọ àṣà wa: ìyàwó ilé là ń kọ́, a kì í kọ́ ọmọbìnrin, torí ilé onílé ló ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́ nígbà tí mo tì ọ́ síta torí o fẹ́ wo bí mo ṣe ń wọn eérú tí a fi ń po omi náà. Mo gbọ́ ẹkún rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò ṣí i. Ó ń dùn mí dòní. Mo di àpótí náà padà, èmi fúnra mi ni mo gbé e fún akọ̀wé.

Iná kò ní jẹ iṣẹ́ rẹ run. Ohun tí o bá mọ yóò dùn ún wò, àwọn tó bá rà á yóò tún padà wá.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Nhài

Mo tún ní èyí láti sọ: ìwé Thoa kò pé. Ẹfun sísun inú ìkòkò kékeré yẹn, tí gbogbo yín rò pé ewé tí mò ń rún lẹ́nu bí obì nìkan ni mo ń fi í pa, òun ló ń mú un yọ́. Láràárọ̀, kí Thoa tó jí, ni mo ń bù ú sínú omi ìkunkòkò. Abọ́ ẹfun kan sí abọ́ eérú mẹ́ta. Ọdún mẹ́sàn-án ni Thoa ti wà nílé wa, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Bá mi sọ fún un. Ojú ń tì mí.