Ọkùnrin Onírunmú tí A Jọ Tukọ̀ Lọ́jà Orí Omi

Òde-Omi,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Adédoyin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Ìbàdàn? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí tíì lásán ni o ṣì ń mu? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi ọ̀sà gbẹ kò ní jẹ́ kí tìrẹ gbẹ. Ìjì kò ní bá ọ láàárín omi, àjẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èbúté ayọ̀ ni wàá máa gúnlẹ̀ sí. Àmín. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, kí wọ́n má baà rán an níṣẹ́. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ó sì ti ń wò wá bíi pé àwa la máa wẹ̀ wọ́n.

Má bínú pé mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gùn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, obìnrin tó wà nínú fóònù yẹn á dá sí i níbi tó ti dùn jù, bó ṣe máa ń ṣe. N kò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Adédoyin, mo ti lọ sí òkè òkun. Jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè wá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ẹni tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Abibat, ọmọ Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, orúnkún rẹ̀ sì máa ń kanlẹ̀ bó bá ń kí àgbà. Ó ní àwọn fẹ́ mú àwọn ọmọ àti àwọn àgbà ìlú rìn yí ayé ká, ká lọ wo àṣà àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ká sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo bi í bóyá bàlúù á lè balẹ̀ sí pápá wa tó kún fún ẹrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a kò nílò bàlúù. Bàbá rẹ ní bí kì í bá ṣe bàlúù, a jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni, kí n mú aṣọ òtútù dání. Mo wọ aṣọ funfun ìjọ wa kí àwọn áńgẹ́lì lè dá mi mọ̀ lọ́nà, mo di gààrí, mo se ìkọ́kọrẹ́, mo sì fi káàdì ìdìbò mi sọ́yàn, bóyá wọ́n á béèrè ẹni tí mo jẹ́ ní ẹnubodè.

Nígbà tí mo dé kíláàsì, n kò rí ọkọ̀ kankan. Awò ni mo bá lórí tábìlì, awò dúdú ràbàtà tó ń bo ojú mọ́ etí. Abibat ní ká ṣe sùúrù, a ń dúró de Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní kò burú, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń pẹ́ níbi gbogbo nìyẹn. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́ kan, mo fi ẹja lé e, mo dé e sílẹ̀ fún un, torí ẹni tó máa gbé èèyàn dé òkè òkun kò gbọdọ̀ fi ebi wakọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, Abibat kígbe pé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé. Mo wo ẹnu ọ̀nà títí, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Kò kí wa, kò sì jẹun. Mo fi í sílẹ̀ fún ìyá tó tọ́ ọ.

Abibat wá bi mí pé irú ara àti aṣọ wo ni mo fẹ́ lò níbẹ̀. Mo ní ara tí Ọlọ́run fún mi àti aṣọ funfun mi ti tó. Ó ní kò burú, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan fún mi. Ó tún sọ pé ohùn gbogbo wa á yí padà kí ojú má baà ti àwọn ọmọ láti sọ̀rọ̀, àti pé àwọn ẹgbẹ́ òun kan wà ní Ìwòpin tí wọ́n ń mú àwọn ará ibẹ̀ náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ, torí mo ti ń ka Sáàmù.

Wọ́n gbé awò wọ̀ mí, mo la ojú, Japáànù ni. Ilé pákó tó mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà, mo bọ́ tèmi. Obìnrin kan tẹrí ba fún mi, èmi náà kúnlẹ̀ láti dá a lóhùn, ni mo bá forí gbá tábìlì ilé-ẹ̀kọ́. Ó po tíì kan tó ní àwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́ tútù, ó rọra ń pò ó bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, ó gbé e fún mi, mo mu ún, n kò rí nǹkan kan lẹ́nu. Ilé ọlá ni, àmọ́ wọ́n háwọ́. Láti ibẹ̀ a bọ́ sí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń da àwọ̀ lu ara wọn fún ọdún wọn, pupa, búlúù, àwọ̀ ìyeyè. Mo pariwo pé aṣọ ìjọ ni mo wọ̀ o! Wọ́n ṣì dà á lù mí. Nígbà tí mo bọ́ awò náà, mo yẹ aṣọ mi wò, n kò rí àbàwọ́n kan. Jọ̀wọ́, bá mi wádìí irú aró yẹn.

Kí n tó dé ibi tí mo ń lọ, o mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Àdíját ṣe rí. Èmi tí mo ra ẹ́ńjìnnì, òun tó kan ọkọ̀ ńlá, tí a jọ ń kó ẹja gbogbo obìnrin àdúgbò wa lọ sí Ìwòpin. Ọjọ́ tí Hezekiah akunlé kọ orúkọ wa sára ọkọ̀, tó fi tèmi ṣáájú, ni nǹkan bàjẹ́. Àdíját ní bí kò bá sí ọkọ̀ òun, irin lásán ni ẹ́ńjìnnì mi. Mo ní bí kò bá sí ẹ́ńjìnnì mi, igi ìdáná ni ọkọ̀ rẹ̀. Ní èbúté, lójú gbogbo ayé. Mo gbé ẹ́ńjìnnì mi lọ sábẹ́ ibùsùn. Òun ní kí wọ́n bá òun wọ́ ọkọ̀ òun, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ Ọmọ́títí ọmọ rẹ̀ ní Ìwòpin. Láti ìgbà náà, àjẹ̀ ni àwọn obìnrin wa fi ń tu ọkọ̀ kékeré lọ sọ́jà, ẹja á ti rà kí wọ́n tó dé. Wọ́n bẹ̀ mí títí, mo ní ẹni tó bá fẹ́ kó lọ bẹ Àdíját.

Ibi tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé wa dé kẹ́yìn ni Fiẹ́tínámù. Adédoyin, orí omi ni ọjà wọn! Inú ọkọ̀ ni ìsọ̀ wọn wà, inú ọkọ̀ ni oníbàárà wà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ata, ẹja, gbogbo rẹ̀ wà lórí omi. Obìnrin kan gbé ọ̀pá ró níwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó so ohun tó ń tà mọ́ orí rẹ̀ kí ẹni tó wà lókèèrè lè mọ̀. Ọgbọ́n yẹn wù mí. Mo ti so ẹja kan mọ́ ọ̀pá níwájú ilé wa, àmọ́ àwòdì gbé e.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa níbẹ̀ ni pé kí ẹni méjì wọ ọkọ̀ kan, kí wọ́n jọ tù ú láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí wọ́n sì kọ́ orúkọ ọjà ní èdè ibẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń yan ẹni tí èèyàn á bá wọ ọkọ̀. Ẹni tó kàn mí ni ọkùnrin sísanra kan, irunmú rẹ̀ gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ate tó dé fẹ̀ bí agboòrùn. Ọmọ kan ní ará Mẹ́síkò ló ń múra bẹ́ẹ̀. Mo kí i, ó ní ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Bàbá! Mo rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó níyì nílùú wọn nìyẹn, mo sì gbà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ìjẹ̀bú ló ń sọ, Ìjẹ̀bú etí omi wa gan-an. Mo ní àwọn míṣọ́nnárì wa mà ti ṣiṣẹ́ jìnnà o.

Lákọ̀ọ́kọ́, apá kan náà ni a jọ ń tù, ọkọ̀ ń pòòyì bí adìẹ tó ń wá ibi yé sí. Ó ní kí n mú òsì, òun á mú ọ̀tún. Ni ọkọ̀ bá ń lọ geere. Ó wo àwọn obìnrin ọjà yẹn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun náà ní ọkọ̀ ńlá nílé, ọ̀rẹ́ òun ló ni ẹ́ńjìnnì, àmọ́ àwọn ti jà, Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀ ni òun sì fẹ́ tà á fún ẹni tó ń wa yanrìn. Mo ní kí ló fa ìjà? Ó ní ọ̀rẹ́ òun bú òun lójú gbogbo ayé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní àṣé ní Mẹ́síkò pàápàá èèyàn ń jà nítorí ọkọ̀. Mo ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dára.

Ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Ó ní rárá, bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọdún tí ọmọ òun fẹ́ kú, òjò ń rọ̀, kò sí ọkùnrin kan tó gbà láti jáde sórí omi, ọ̀rẹ́ òun yẹn ló mú àjẹ̀ tó gbé àwọn dé ilé ìwòsàn. Ó ní ẹnu rẹ̀ ló ń tani, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́.

Adédoyin, ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà. N kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ní ọ̀gá, èmi náà ní ọ̀rẹ́ kan bẹ́ẹ̀, agídí rẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín bíi rẹ̀ mọ́. Mo ní kó tó tà á, kó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní ìtìjú kì í kó ẹja dé ọjà. Ó ní bí kò bá ṣílẹ̀kùn ńkọ́? Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ èèyàn, á ṣí i. Ó fẹ́ dá mi lóhùn, ojú mi ṣókùnkùn. Wọ́n ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Kò dágbére!

Lọ́jọ́ kejì, mo ń wé gèlè láti lọ bá Àdíját ní Ìwòpin, torí ìmọ̀ràn tí mo fún ẹni ẹlẹ́ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kígbe àgò. Àdíját ni, ó dúró síta, kò lè wọlé. Ọkọ̀ ńlá wà ní èbúté lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì ló bá a tù ú dé. Mo ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ó ní kí n má bínú, òyìnbó arúgbó kan onírùngbọ̀n funfun ló rán òun, àwọn jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ́jà orí omi. Mo ní èmi kò rí òyìnbó kankan níbẹ̀, ọkùnrin onírunmú kan tó dé ate ni èmi bá tukọ̀. Ó ní ṣé ó ń pe ìwọ ní bàbá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

A wo ara wa títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé, ẹ̀rín tó mú wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré jáde, ó rò pé ẹnìkan ti kú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àdíját ní àmọ́ o sọ pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dára. Mo ní n kò mọ̀ pé èmi ni. Mo wá bi í bóyá ohun tó sọ nípa ọwọ́ mi àti òjò ọjọ́ yẹn jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ó ní Ọmọ́títí ṣì wà láàyè, àbí kò wà? Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, Adédoyin. Òun náà sunkún.

A wọ́ ẹ́ńjìnnì jáde. Nígbà tí oníyanrìn dé ní Jímọ̀ọ̀, ẹja ló bá nínú ọkọ̀. Ó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wa dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ni.

Abibat ní àwọn á tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ wa máa kọ́ Òde-Omi sínú awò náà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn lè wá kí wa, èmi àti Àdíját la sì máa júwe bí a ṣe ń yan ẹja. Àdíját bi í pé báwo ni wọ́n á ṣe gbọ́ òórùn rẹ̀. Abibat ní awò kò tíì lè gbé òórùn. Àdíját ní a jẹ́ pé wọn kò tíì dé Òde-Omi nìyẹn.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti púlọ́ọ̀gì tuntun, torí irin náà ń wúkọ́. Fi díẹ̀ kún un kí n fi ra abọ́ tó dára, mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ Japáànù dé kí wọ́n bá wa nínú ike. Má fi sínú fóònù o, gbé e fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, òun mọ ojú mi.

Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ mi. Ìbàdàn kò ní gbé ọ mì. Ọ̀rẹ́ tó ń sọ òótọ́ fún ọ kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú u. Bí ariwo ìlú bá pọ̀ jù fún ọ, wọ mọ́tò wá sí Ìwòpin ní ọjọ́ ọjà èyíkéyìí, kí o dúró sí èbúté. A ó gbé ọ wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sarah.