Àwòrán Ọkàn Mi Mẹ́tàdínlógún

Èmi, Ràmílátù Àṣàkẹ́ Tidjani, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aláṣọ ní ọjà ńlá Treichville ní Abidjan láti ọdún méjìlélógójì, ni mo kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ọmọ mi, Kader àti Látífà, àti sí Bàsìt àbúrò mi tí mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Ọpọlọ mi pé, ojú mi sì ríran. Ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kó wá bá mi wọn aṣọ lọ́jà.

1. Ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, kí Lèmọ́mù pín in bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Kader, má jiyàn. Láti ilé-ìwé àwọn Faransé ni o ti ń jiyàn, ó tó gẹ́ẹ́.

2. Àgùntàn mi mẹ́ta di ti Bàsìt. Òun nìkan ni wọn kì í kàn.

3. Àwòrán ọkàn mi. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ilé ìwòsàn ti ń fi ẹ̀rọ yà á lọ́dọọdún. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ògiri rẹ̀ nípọn jù, pé bóyá ni màá lo ọdún mẹ́ta. Dókítà tó sọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì. Èmi ṣì ń ta aṣọ. Dókítà Emmanuella tó ń tọ́jú mi báyìí fẹ́ fi àwọn àwòrán náà ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n lè mọ ohun tó mú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ pẹ́. Mo yọ̀ǹda gbogbo wọn. Kader ní àṣírí ìyá òun yóò tú. Ọmọ mi, wọn yóò yọ orúkọ kúrò, inú mi sì ń dùn gan-an pé n óò ṣì wúlò.

4. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yọ orúkọ, ẹ tún un ṣe. Orúkọ Sàlíhà, ìyáálé mi, ló wà lára gbogbo wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ náà, ọjọ́ ti kọjá lórí káàdì ìgbélùú mi, mo sì yá tirẹ̀ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Láti ìgbà náà, Sàlíhà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ. Èmi àtirẹ̀ kì í bára wa sọ̀rọ̀ nígbà yẹn nítorí ṣọ́ọ̀bù ọkọ wa, síbẹ̀ ó yọ káàdì fún mi láìbéèrè nǹkan kan. Mo wá ń sọ kiri àdúgbò Adjamé pé kò ṣe mí lóore rí. Irọ́ ni mo pa, ojú sì ń tì mí. Àpótí léèsì mi di tirẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn pe àwọn ọmọ Sàlíhà fún àyẹ̀wò, nítorí àrùn yìí máa ń wà nínú ìdílé. Wọn kò pe àwọn tèmi. Lọ́sẹ̀ kan náà ni Látífà dákú ní ìkóríta Siporex, tí gbogbo ènìyàn ní oòrùn ni.

5. Látífà, ọ̀pá ìwọnṣọ mi àti àga mi lọ́jà di tìrẹ. Kader ti gbà. Ṣùgbọ́n a kò ní dúró de ikú mi kí a tó ṣe abala kẹrin. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi àtìrẹ yóò lọ bá dókítà, n óò sì sọ orúkọ mi fún un. Mo fẹ́ kí ìwọ náà ya àwòrán mẹ́tàdínlógún, kí o sì yà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fọwọ́ sí i ní Treichville, Abidjan, ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2025.

Ràmílátù Àṣàkẹ́ Tidjani, lórúkọ ara mi.

Ẹlẹ́rìí: Idrissa, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kọjú síra.
Ẹlẹ́rìí: Sàlíhà Tidjani, ìyáálé mi. Ó mú káàdì rẹ̀ wá.