Wọ́n Ní Kí Màmá Ṣadé Má Gbọ́

Dádì mi tí mi ò rí kí n kí pé ó dìgbà,

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́ mọ́. Ní Sharjah níbí, gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ilé-ìwé wa ló fún mi. Àwọn náà ló ń bínú sí mi báyìí.

Ṣé ẹ rántí Ṣadé? Síníọ̀ tó gbà mí ṣe ọmọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ẹ máa ń mú ẹ̀pà wá fún un lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ẹ ó ti fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù kó má baà dọ̀tí sí yàrá wa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so nẹ́ẹ̀tì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí bàlúù mi balẹ̀ ní Dubai, òun ló wá pàdé mi, ó mú mi wá sí bedspace rẹ̀, yàrá tí èrò púpọ̀ jọ háyà, ní Rolla ní Sharjah níbí, ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, òun gun ti òkè. Mo ní mo ti dàgbà. Ó ní ọmọ òun ṣì ni mí.

Ọsibítù ló wà báyìí. Ó pè é ní ibà lásán, ó ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí, ó ń lọ síbi iṣẹ́, títí ó fi ṣubú níwájú oníbàárà. Wọ́n ní àìsàn náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Àwa ọmọ ilé-ìwé wa tó wà níbí ní gúrúùpù kan lórí fóònù. Ẹni tó jẹ́ Head Girl nígbà náà, tó ń rajà lọ́jà Deira ní Dubai báyìí ránṣẹ́ sí Èkó, Head Girl náà la ṣì ń pè é. Òun ló bá mi wáṣẹ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa:

“Ẹ gbọ́ o, màmá Ṣadé ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni. Tó bá pè, ẹ ní fóònù ọmọ ẹ̀ ti bàjẹ́. Tára ẹ̀ bá yá, a jọ máa fi ṣẹ̀rín ni. Khalas, ó parí.”

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ẹnì kan tún ní, “Ẹ bá mi kìlọ̀ fún Ẹlẹ́kún o, kó má lọ sunkún sí màmá létí!” Èmi ni Ẹlẹ́kún. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ.

Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Irú ìfẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi pa àìsàn yín mọ́ fún mi. Ẹnu ìdánwò àṣekágbá ni mo wà. Ilé sọ fún ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sọ fún mátírọ́ọ̀nù, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo dọ́mítìrì ti mọ̀ àfi èmi. Lójijì, ẹnikẹ́ni ò ní kí n pọnmi mọ́. Wọ́n ń dirun fún mi. Ìyá onísè ń fi ẹyin sábẹ́ ìrẹsì mi. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn mi ni. Inú mi ń dùn, Dádì. Ẹ̀mí ń bọ́ lára yín, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo kọ pépà tó kẹ́yìn tán ni wọ́n tó jókòó tì mí, tí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ti sin yín.

Ṣé ẹ bèèrè mi? Ṣé ẹ rò pé mo gbọ́, mi ò sì wá?

Nígbà tí màmá Ṣadé pè, mo ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní, “Tóò, bá mi kí i. Ṣó ń jẹun?” Mo ní ó ń jẹun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo pè é padà, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Igbe ni mo ń retí. Kò ké. Ó ní, “Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó o gbé fóònù sí i létí?”

Mo gbé e sí i létí nígbà ìbẹ̀wò, màmá rẹ̀ ń fi oríkì pè é: “Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi, màmá ẹ rè é. Ta ló ní kó o sùn pẹ́ báyìí? Ilẹ̀ ti mọ́. Dìde o, jọ̀ọ́.” Nọ́ọ̀sì wọlé wá sọ fún mi pé àkókò ti tó, ó gbọ́ ohùn ìyá yẹn, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń to oògùn tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Head Girl gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó ní bí nǹkan bá ṣe ìyá yẹn, ọrùn mi ló wà. Wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Àwọn tí a jọ ń sùn ní yàrá kan náà ò dáhùn kíkí mi mọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn ló gbọ́n. Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá náà ń pè lójoojúmọ́, Ṣadé ò tíì lajú, dókítà òní ò sì wò mí lójú.

Dádì, bí ẹ bá rí Ṣadé lọ́nà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i káàbọ̀. Ẹ dá a padà. Ẹ ní màmá rẹ̀ ṣì ń pè é.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jókòó ti Ṣadé.