Má Tan Kọ̀ǹpútà Kí N Tó Dé

Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé wa,

Má tan kọ̀ǹpútà o. Jọ̀wọ́, ka ìwé yìí tán ná.

Láàárọ̀ yìí, oorun ò tíì dá lójú mi, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ń mì lára ògiri bí omi. Mo ń wá áàpù tí mo lè fi ya bátànì aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ rán. Ọ̀kan ṣàdédé yọ sí mi, ó ní ọ̀fẹ́ lòun. O ṣáà ti sọ fún mi rí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìsọ̀ tó bá kọ̀ǹpútà wá nìkan ni kí ẹ ti máa mú áàpù. Èyí tó bá ń kiri, ẹ bi í pé ta ló rán an." Mi ò bi í.

Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù, mo fún un. Ni fèrèsé kéékèèké bá ń ṣí fúnra wọn lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn ń lálàá. Mo sáré fa wáyà iná rẹ̀ yọ.

Ohùn Màmá wa tá a gbà sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ wa méjèèjì kí ikọ́ tó dá wọn dúró. A ò ní in níbòmíràn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Fi fóònù rẹ yí àwọn páásíwọ́ọ̀dù rẹ padà. Wáyà náà wà nínú báàgì mi, kí o má baà dá tàn án kí n tó dé. Tí mo bá dé, a ó jọ tàn án. Má bínú. Tó o bá sì fẹ́ bú mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn ná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ